Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mo Gbé Lọ sí Ẹ́mbásì

Ọlọ́pàá òyìnbó méjì ló sìn mí wọ inú ọkọ̀ òfurufú lọ́jọ́ tí wọ́n dá mi padà sílé. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ọ̀kan wà lọ́wọ́ òsì. Bí mo bá ní mo fẹ́ tọ̀, ọ̀kan á ṣáájú, èkejì á tẹ̀ lé mi. Ọba mélòó nílẹ̀ Yorùbá ló ní irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀? Ohun tí mo sọ fún àwọn ará àdúgbò wa nìyẹn nígbà tí mo dé Ìkirè. Mo ní ìjọba òyìnbó ò fẹ́ kí ẹ̀fọn tiẹ̀ jẹ mí lójú ọ̀nà. Mo fi kún un pé nígbà tí ọkọ̀ òfurufú náà ń kọjá lókè ìlú wa, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí ìyá mi níbi tó ti ń dín dòdò. Èéfín ata inú dòdò yẹn wọlé bá wa, awakọ̀ ń sín, ọkọ̀ ń mì. Àwọn kan gbà á gbọ́. Ọkùnrin télọ̀ kan tó wà ní iwájú ilé wa sọ pé òun rí ọkọ̀ náà, pé òun tiẹ̀ juwọ́ sí i.

Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Báàgì kékeré kan tó wà lọ́wọ́ mi ló ń wò.

"Ẹni tí wọ́n sìn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣé ibi tí ẹrù rẹ̀ mọ nìyí?"

Mo ní, "Ẹrù ń bọ̀ lójú omi, Ìyá."

Ó ní, "Ó dáa. A ó máa wo ojú omi."

Ó padà sídìí agbada rẹ̀. Kò bi mí léèrè mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mi ò ní dárúkọ ìlú òyìnbó tí mo ń wí yìí, kí wọ́n má tún lọ rántí mi. Ó ṣẹlẹ̀ kí àwọn sójà tó pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà. Ibi tí mo ti ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan ni wọ́n ti wá mú mi, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìwé ìgbélùú tí wọ́n fún mi ti kú tipẹ́, èmi ni mo ṣì ń mí. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, wọ́n sì ní mi ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ àwọn mọ́ títí àwọn fi máa fọwọ́ ara wọn ká òfin náà kúrò lórí mi. Lọ́yà kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa níbẹ̀ ló sọ fún mi pé ó lè tó ọdún mẹ́wàá.

"Bọ̀dá, ẹ má ka ọjọ́ o," bó ṣe wí nìyẹn. "Bí ẹ bá ń kà á, á rẹ̀ yín."

Ó rò pé mo mọ ìṣirò ni. Kíláàsì kejì nílé ìwé mọ́dà ni mo kàwé dé.

Bó bá jẹ́ ti ilẹ̀ yẹn nìkan ni, ǹ bá ti gbàgbé. Òtútù ibẹ̀ burú, oúnjẹ wọn ò ní ata. Ṣùgbọ́n mo fi obìnrin kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ Àpòmù ni. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́hùn-ún ni wọ́n bí i, nítorí náà ilẹ̀ náà kà á sí ọmọ ibẹ̀. Wọ́n gbé e wálé ní kékeré, ó dàgbà sí Àpòmù, ó tún padà lọ, ó sì ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé kan tí wọ́n ń kó arúgbó sí. Ibi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ ni mo ti pàdé rẹ̀. Èmi àti ọkùnrin kan ń sọ Yorùbá. Yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, ọkùnrin náà ń ráhùn. Mo ní kó dákẹ́, pé yìnyín ọmọdé lèyí. Mo ní lọ́dún kan ní Ararọ̀mí-Òwu, yìnyín já lu oko bàbá mi, gbogbo kòkó dì sórí igi. A wá ń ká a, à ń lá a bí áísìkirímù, òkèrè sì ń yọ̀ ṣubú láti orí ẹ̀ka sí ẹ̀ka.

Mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi. Ẹ̀rín obìnrin yìí kì í ṣe ẹ̀rín kékeré. Inú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni pé ó ti tán, á wá tú jáde lẹ́nu àti nímú lẹ́ẹ̀kan náà, òun fúnra rẹ̀ á sì máa fọwọ́ bo ojú. Ọkọ̀ tí òun ń dúró dè dé, ó sì kọjá lọ, kò wọ̀ ọ́. Ó ní kí n parí ọ̀rọ̀ òkèrè yẹn ná.

Nígbà tí wọ́n lé mi, mo rò pé ó tán nìyẹn. Kò tán. Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó wá sílé, wọ́n so yìgì wa ní ilé bàbá rẹ̀ ní Àpòmù. Àwọn kan ń ráhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pé kí ni ọmọ tó ní ìwé ìlú òyìnbó ń fi ẹni tí wọ́n lé ṣe. Ó gbọ́ wọn. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo lé e." Ìsinmi rẹ̀ pé, ó padà síbi iṣẹ́. Kò ṣeé ṣe fún un láti jókòó sílé, nítorí òun ló ń gbọ́ bùkátà ilé bàbá rẹ̀, òun ló ń rán àwọn àbúrò nílé ìwé. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ lọ bá a. Ohun kan ṣoṣo tí a wá ń retí ni pé kí wọ́n ká òfin yẹn kúrò, kí wọ́n fún mi ní físà tí wọ́n máa ń fún ọkọ, kí n lè máa gbé pẹ̀lú ìyàwó mi, kí a bímọ.

Mo padà sídìí kòkó bàbá mi ní Ararọ̀mí-Òwu. Mò ń retí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń bára wa sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. A kì í kọ lẹ́tà. Ìwé tèmi ò gún régé, bàbá ìyàwó mi sì ní lẹ́tà kò ní ohùn, pé ẹni tó wà lójú ogun lè kọ ọ́ kó ní àlàáfíà lòun wà. Kásẹ́ẹ̀tì la fi ń ránṣẹ́. Bàbá yìí ní rẹ́díò ńlá kan tó gbé bọ̀ láti òkè òkun, ó fi aṣọ léèsì bò ó bí ìyàwó tuntun. Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ń lọ sọ́hùn-ún, gbogbo wa á pé sí pálọ̀ rẹ̀ ní Àpòmù. Bàbá á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìyá tó bí i á tẹ̀ lé e, ìyálé ìyá rẹ̀, àwọn àbúrò bàbá, Áfáà á ṣe àdúrà, obìnrin Aládùúrà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn á mi agogo, á ní òun ríran sí i. Olúkúlùkù á kí i láti orí iṣẹ́ dé orí bàtà. Èmi tí mo jẹ́ ọkọ, inú ilé àna ni mo wà. Ta ló ń ṣáájú àgbà sọ̀rọ̀ nílé àna? Mo máa ń jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn títí á fi kàn mí, nígbà tó bá sì máa kàn mí, okùn inú kásẹ́ẹ̀tì á ti fẹ́ẹ̀ tán.

"Ọkọ ìyàwó, ó kù díẹ̀ o, ẹ tètè sọ tiyín," bàbá á wí.

Kí ni mo fẹ́ sọ lójú bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ àti Áfáà? Ṣé kí n ní ibùsùn tutù ni? Kí n ní ọkàn mi ń fà sí i, kí ìyá rẹ̀ máa wò mí? Irọ́ ni mo máa ń pa fún un. Ọ̀kan ṣoṣo, kúkúrú. Gbogbo pálọ̀ á rẹ́rìn-ín, kásẹ́ẹ̀tì á ké pé kìtì, ó parí. Ó mọ̀ pé tòun nìyẹn. Bí kásẹ́ẹ̀tì náà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á gbọ́ ọ, á gba ohùn tirẹ̀ lé tiwa, á fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Àwa náà á gbọ́ tirẹ̀ tán, a ó gba tiwa lé e. Kásẹ́ẹ̀tì kan yẹn ló ń lọ tó ń bọ̀ bí awakọ̀ elérò, nítorí kásẹ́ẹ̀tì òkè òkun gidi ni, èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà Àpòmù nígbà yẹn, ẹ̀rọ á jẹ ẹ́ ni. Ta ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àná? Ọ̀rọ̀ tí a ti gbọ́, a ti gbọ́ ọ.

Báyìí ni ọdún ń lọ. Ó tún wá lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ara ìyá rẹ̀ ò yá, a jọ wà fún ìwọ̀nba ọjọ́, kò sì lóyún. Ìyá rẹ̀ á sọ ọ́ lórí kásẹ́ẹ̀tì pé, "Ìgbà wo la máa gbọ́ tuntun?" Ìyá tèmi ò sọ tirẹ̀ lórí kásẹ́ẹ̀tì. Ojú mi ló ti ń sọ ọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìyàwó tó wà lókè òkun, ṣé ẹ̀yìn fèrèsé lo ti máa fún un lóyún? Ọmọ kan wà níhìn-ín, ọmọ dáadáa, ó ń ta aṣọ. Ẹ̀sìn wa gbà ọ́ láyè."

"Ìyá, bí mo bá fẹ́ ẹlòmíràn, òyìnbó ò ní fún mi ní físà mọ́."

"Ṣé ó ti fún ọ tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo gbé àdá mi, mo gba ọ̀nà oko lọ.

Nígbà tí wàhálà epo mọ́tò pọ̀, tí à ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìkirè lọ sí Àpòmù, ni lọ́yà ránṣẹ́ pé wọ́n ti ká òfin náà kúrò. Mo lè wá béèrè físà. Ṣùgbọ́n ó ní wọn yóò bèèrè ẹ̀rí pé kì í ṣe tìtorí àtiwọ ìlú wọn ni mo ṣe fẹ́ obìnrin náà. Kí n kó gbogbo ohun tó ti ń lọ láàrin wa láti ọjọ́ tí a ti so yìgì. Àwọn tó mọ̀wé a máa di lẹ́tà ní ìdì ńlá lọ síbẹ̀. Àwa ní fọ́tò ìgbéyàwó díẹ̀, a sì ní kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ohùn ìyàwó mi ló wà nínú rẹ̀ lásìkò náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Ó kí gbogbo ilé, ó wá kàn mí, ó sì rẹ́rìn-ín sí irọ́ tí mo pa fún un gbẹ̀yìn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó gbọ́ ọ, ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Ẹ̀rí ni òyìnbó ń bèèrè? Ẹ̀rí wo ló ju ẹnu àgbà lọ? Ẹ pe gbogbo ilé."

Mo ní, "Bàbá, ohùn ọmọ yín ló wà nínú rẹ̀ yìí. Bóyá ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀..."

Ó ní, "Àna mi, ọmọdé ni òun. Bí wọ́n bá ń ṣe ẹjọ́ ìgbéyàwó, ṣé ìyàwó ló ń sọ̀rọ̀ àbí àwọn tó fà á fún ọkọ?"

Gbogbo pálọ̀ ní òtítọ́ ni. Ìyá ìyàwó mi ní, "Òun ṣáà máa tún gba òmíràn ránṣẹ́." Ẹ tiẹ̀ wò ó, nílẹ̀ wa, ta ló lè jiyàn pẹ̀lú wọn? Bí ọ̀rọ̀ tọkọtaya bá dé ọ̀dọ̀ ẹbí, ẹbí ló ń jẹ́ ẹ̀rí. Èmi náà dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ ṣeun. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì pupa. Wọ́n gba ohùn lé ohùn rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ohùn wọn dùn lọ́jọ́ náà, wọ́n múra fún un, ìyálé ìyá rẹ̀ tiẹ̀ wé gèlè. Èmi ni mo ṣe ìkẹyìn bí ìṣe mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni òyìnbó tó bá mi sọ̀rọ̀ ní ẹ́mbásì ní Èkó. Ó wo fọ́tò, ó ní ẹnikẹ́ni lè ya fọ́tò. Ó ní, "Lẹ́tà dà?" Mo ní kásẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n gbé rẹ́díò kékeré wá, wọ́n pe ògbufọ̀ kan, ọmọ Yorùbá tó de táì mọ́rùn dáadáa. Bàbá ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú yàrá tútù yẹn.

Òyìnbó ní, "Kí ló ń sọ fún ọmọ rẹ̀?"

Ògbufọ̀ ní, "Kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ló ń bá wí, sà. Ẹ̀yin ló ń kí. Ó ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru Èkó, ṣé àwọn ará ilé yín wà ní àlàáfíà."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin, sà. Ó tún ń bèèrè ìyá yín."

Òyìnbó náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi ti kú."

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, sà." Ògbufọ̀ wò mí, kò túmọ̀ rẹ̀.

Áfáà ṣe àdúrà fún òyìnbó. Ó ní kò ní kú ní rèwerèwe, pé ẹni tó bá fẹ́ bì í ṣubú lórí ìjókòó rẹ̀, òun ló máa ṣubú. Ògbufọ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òógùn sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni agogo dún, obìnrin Aládùúrà ní òun rí òyìnbó náà lórí ẹṣin funfun.

"Ẹ̀sìn wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Mùsùlùmí ni wá, sà."

"Agogo yìí ńkọ́?"

"Aládùúgbò wa ni."

Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ, ìyálé, àbúrò bàbá, gbogbo wọn. Ìgbà tó pẹ́, ohùn tèmi jáde: "Èmi ọkọ nìyí. Ohun tí àwọn àgbà sọ náà ni mo fara mọ́." Ó tán síbẹ̀. Òyìnbó ní, "Nínú gbogbo rẹ̀, ibo ni ìyàwó yín wà?"

Kí n tó dáhùn ni ẹ̀rín rẹ̀ bú jáde nínú rẹ́díò. Okùn ṣẹ́kù díẹ̀ níbi tí tiwa parí sí, ibẹ̀ ni wọn ò pa rẹ́. Ẹ̀rín náà ló wà níbẹ̀, èyí tó máa ń dákẹ́ kó tó tú. Ó wá ní, "Bọ̀dá, ẹ tún ti dé pẹ̀lú irọ́ yín! Àkùkọ wo ló ń pe ìrun?" Ó tún rẹ́rìn-ín. Ó tán.

Mo dìde dúró láìmọ̀. Mo ní, "Òun nìyẹn! Ìyàwó mi nìyẹn, sà!"

"Ẹ jókòó. Irọ́ wo ló ń sọ?"

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo sọ ọ́ fún un. Mo ní àkùkọ kan wà ní Ìkirè-Ilé tó mọ ìrun àsùbáà í pè ju ládàánì lọ, débi tí wọ́n fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ládàánì, wọ́n gbé e fún àkùkọ. Nígbà tó di ọdún Iléyá, ẹnì kan tí kò rí àgbò rà pa á jẹ. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó jẹ nínú ẹran rẹ̀, bí ìdájí bá ti tó, wọ́n á dìde lórí ibùsùn, wọ́n á máa kọ láìmọ̀ọ́mọ̀, àwọn ìyàwó wọn ò sì lè sùn mọ́. Ògbufọ̀ fi táì bo ẹnu. Òyìnbó ò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ẹ sọ èyí fún ìyàwó yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ mọ̀ pé irọ́ ni?"

"Òun náà mọ̀ pé irọ́ ni, sà."

"Nígbà náà, kí ló dé tí ẹ fi ń sọ ọ́?"

Mo wá ọ̀rọ̀ òyìnbó tí mo fi máa dá a lóhùn, mi ò rí i. Mo wá a ní Yorùbá kí ògbufọ̀ lè bá mi túmọ̀ rẹ̀, kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá bi ẹja léèrè ìdí tó fi ń mu omi, kí ló máa sọ?

Ó ṣí ìwé kan níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ wọ ìlú wa, ẹ sọ fún àwọn tó wà lẹ́nu ibodè pé ẹ wá kàwé, pé ẹ máa padà sílé. Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn náà rẹ́rìn-ín ni?"

Ògbufọ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fi lé mi lọ́wọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń fún ọlọ́fọ̀ ní omi.

Wọ́n ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn náà pé àwọn ò gbà pé tọkọtaya tòótọ́ ni wá. Mo lọ jíṣẹ́ ní Àpòmù. Bàbá ìyàwó mi wà lórí àga rẹ̀.

"Ṣé ó gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Ó gbọ́ ọ, sà."

"Ó gbọ́ àdúrà Áfáà?"

"Gbogbo rẹ̀, sà."

Ó ní, "Gbogbo ilé jẹ́ ẹ̀rí fún un, ó ní òun ò rí ẹ̀rí." Ó dà bí ẹni tí wọ́n bú bàbá rẹ̀. Ó fi aṣọ bo rẹ́díò. Kò sí ẹni tó sọ pé ká gba ohùn ránṣẹ́.

Nítorí náà ni mo ṣe wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń tẹ òkè òkun láago. Mo tò títí ó fi kàn mí. Láti ọjọ́ tó ti padà síbi iṣẹ́ lẹ́yìn àìsàn ìyá rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi àti ìyàwó mi máa sọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Mo sọ gbogbo bó ṣe lọ. Mo sọ ti ẹ̀rín.

Ó ní, "Ẹ̀rín mi ni wọ́n fi dá wa lẹ́bi?"

"Kì í ṣe ẹ̀rín rẹ. Àkùkọ ni."

 Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ó ní, "Bọ̀dá, ó ti rẹ̀ mí. Àwọn arúgbó ni mò ń wẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, mo wá rí i pé mo ń dà bíi wọn. Ẹ fẹ́ ẹni tó wà nítòsí yín. Ẹ bímọ. Mi ò ní bínú."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Mo ní, "Ìyàwó, ṣé o ti gbọ́ ti ìnàkí kan tó ń wa ọkọ̀ láti Àpòmù lọ sí..."

"Ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe lónìí."

 Àwa méjèèjì di ẹ̀rọ náà mú títí ohùn obìnrin kan fi bọ́ sáàrin pé àkókò ti tán.

Inú bọ́ọ̀sì Ìkirè ni mo jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá kan tó gbé agbọ̀n lé ẹsẹ̀ wo ojú mi.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan o? Ẹ̀ ń sunkún."

Mo fọwọ́ kan ojú mi, òótọ́ ni. Èrò ọkọ̀ ti ń yí ojú sẹ́yìn. Kí ni ọkùnrin fẹ́ sọ fún odidi bọ́ọ̀sì?

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan. Ìyàwó mi tó wà lókè òkun ló bímọ. Ìbejì."

Yéè! Ọkọ̀ hó. Ìyá yẹn gbá mi mọ́ra pẹ̀lú agbọ̀n. Awakọ̀ fọn fèrè rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ọkùnrin kan ní iwájú gbé orin, wọ́n gbà á, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní Ọlọ́run á dá wọn sí, wọ́n ní ojú mi á rí wọn, wọ́n ní màá fọwọ́ mi gbé wọn. Mo ń ṣe àmín. A kọjá lórí afárá Àṣejíre, mo ń ṣe àmín. Ẹni tó bá parí tirẹ̀, ẹlòmíràn á gbà á lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí àdúrà kankan nínú rẹ̀ tí mi ò fẹ́.

Mi ò mọ̀ pé obìnrin kan láti àdúgbò wa wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Bí a ṣe wọ Ìkirè, ó bọ́ sílẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ. Èmi jókòó ní gáréèjì, mò ń wá agbára tí mo fi máa rìn délé. Nígbà tí mo máa yà sí àdúgbò wa, mo gbọ́ orin. Àwọn obìnrin ti kún iwájú ilé wa, wọ́n ti fi àtíkè pa ọrùn. Ìyá mi wà láàrin wọn. Obìnrin tó ti ń wo ojú omi ní gbogbo ọdún yìí ń jó, àtíkè funfun ti bọ́ sí aṣọ rẹ̀, agbada rẹ̀ sì wà lórí iná, dòdò inú rẹ̀ ti jóná, kò sẹ́ni tó bìkítà. Ó rí mi, ó sáré wá, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Ọkọ mi, ọkọ mi! Takọ tabo ni àbí ọkùnrin méjì?"

Àwọn obìnrin tó kù dá orin dúró kí wọ́n lè gbọ́. Télọ̀ iwájú ilé wa náà ti jáde, téèpù ìwọn-aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó.